“Dá Dúró” Yàtọ̀ sí “Dá a Dúró”

Inú mi máa ń dùn sí àwọn tó ń kọ ìwé ìtọ́ni nípa kọ̀ǹpútà ní èdè Yorùbá. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú iṣẹ́ wọn tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, torí pé ibi tí a bá gbé e sí nínú gbólóhùn lè mú kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì lè pa iṣẹ́ tì.

Ẹ jẹ́ kí a fi ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Redis ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí Salvatore Sanfilippo, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, gbé jáde ní 2009. Ìsọfúnni tí àwọn ènìyàn ń bèèrè léraléra ni Redis ń kó sínú mẹ́mórì, kí ó lè tètè tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Láti ìgbà tí ẹ̀dà 3.0 ti jáde ní 2015, a lè pín in sórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ: ọ̀nà 16384 ni wọ́n pín in sí, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì mọ ìpín tirẹ̀. “Pín” ló tọ́ níbí. Ẹni tó bá kọ “tú ká” ti sọ pé ẹgbẹ́ ti dàrú nìyẹn.

Ṣùgbọ́n pínpín yìí kì í ṣe dandan. Ẹni tó ń dán iṣẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká kò nílò ju Redis kan ṣoṣo lọ. Bí a bá sì tan Redis láìyí ètò rẹ̀ padà, bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń ṣe: kò dara pọ̀ mọ́ agbo ẹ̀rọ kankan. “Dá dúró” ló bá ipò yìí mu. À ń sọ ọ́ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ògiri sílẹ̀, à ń sọ ọ́ fún ọmọṣẹ́ tó gba fíríìdọ̀mù tó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. “Dá wà” kò bá a mu, torí ẹni tó dá wà kò lẹ́nì kan lọ́dọ̀, bẹ́ẹ̀ Redis tó dá dúró lè máa dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníbèéèrè lóhùn.

Ibi tí ìṣòro wà rèé. “Dá” tó túmọ̀ sí ṣíṣe nǹkan láìsí olùrànlọ́wọ́ máa ń gba àbọ̀ sáàárín, bí ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé e bá ń gba àbọ̀: ó dá ẹrù náà gbé, ó dá iṣẹ́ náà ṣe, igi kan kì í dá igbó ṣe. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ṣùgbọ́n “dúró” kì í gba àbọ̀. Bí a bá ti ki ọ̀rọ̀-orúkọ bọ àárín òun àti “dá”, ó ti di ọ̀rọ̀ mìíràn: ọlọ́pàá dá ọkọ̀ dúró, ọ̀gá dá òṣìṣẹ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá kọ “Ẹ dá Redis dúró sórí kọ̀ǹpútà yín” rò pé òun ní kí wọ́n jẹ́ kó máa dá ṣiṣẹ́ ni. Pé kí wọ́n pa á ni òǹkàwé gbọ́. Bí ohun inú mẹ́mórì kò bá sì tíì dé orí díìsìkì, ó ti lọ nìyẹn.

Orúkọ ohun tó ń dá dúró ni kó ṣáájú: “Ẹ jẹ́ kí Redis dá dúró”, “Redis tó dá dúró”, tàbí ní kúkúrú, “Redis adádúró”. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé ìtọ́ni, ẹ jọ̀wọ́, kí iṣẹ́ yín tó jáde, ẹ wá gbogbo “dá” àti “dúró” inú rẹ̀, kí ẹ sì wo ohun tó wà láàárín wọn.