Bí Joshua Slocum Ti Sọ Ògbólógbòó Ọkọ̀ Di Ọ̀tun

Ní àárín ìgbà òtútù ọdún 1892, ọ̀gá ọkọ̀ kan wà ní ìlú Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí kò rí ọkọ̀ wà mọ́. Joshua Slocum ni orúkọ rẹ̀. Láti ìgbà èwe ni ó ti ń gbé lójú òkun, ọkọ̀ ìgbòkun sì ni iṣẹ́ tí ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹlẹ́rọ ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ ìgbòkun, àwọn ọ̀gá ọkọ̀ tí ń wá iṣẹ́ sì pọ̀ ju ọkọ̀ lọ. Ó ronú láti ṣe iṣẹ́ káfíńtà níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀. Wọ́n ní àfi bí ó bá kọ́kọ́ san 50 dọ́là fún ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́. Owó kékeré kọ́ ni èyí nígbà náà.

Ibi tí ọ̀ràn náà dé nìyí nígbà tí ó pàdé Eben Pierce, ọ̀gá ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ti fi iṣẹ́ pípa ẹja àbùùbùtán jẹun rí. Pierce ní òun yóò fún un ní ọkọ̀ kan, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ń fẹ́ àtúnṣe díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì Slocum lọ sí ìlú Fairhaven láti lọ wò ó. Kò bá ọkọ̀ lórí omi. Inú pápá ni ó wà, ó jìnnà sí òkun, wọ́n fi igi tì í kí ó má ba à ṣubú, wọ́n sì fi aṣọ bò ó. Spray ni orúkọ rẹ̀. Odidi ọdún méje ni àwọn ènìyàn ti fi ọkọ̀ yìí ṣe Pierce ní yẹ̀yẹ́. Ó wá kan Slocum. Nígbà tí wọ́n rí i pẹ̀lú àáké, wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ fọ́ ọkọ̀ náà ni. Ó ní rárá, òun fẹ́ tún un kàn ni. Láti ọjọ́ náà, fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi í: Ṣé èrè yóò wà níbẹ̀?

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ó máa ti inú àdánù kan ọkọ̀. Ní ọdún 1887, ọkọ̀ rẹ̀ tí ń jẹ́ Aquidneck fọ́ ní etí òkun ilẹ̀ Bùràsíìlì, tòun taya tọmọ sì há sí ilẹ̀ àjèjì. Ó mú lára igi àti ohun èlò tí ó kù, ó kan ọkọ̀ kékeré tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 35, ìyàwó rẹ̀ rán ìgbòkun, wọ́n sì fi ọkọ̀ náà padà sí Amẹ́ríkà. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e sọ omi, 13 May, 1888, ni wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní Bùràsíìlì, ọjọ́ ńlá fún àwọn ọmọ Yorùbá àti ìran wọn tí ó wà níbẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe sọ ọkọ̀ náà ní Liberdade, èyí tí í ṣe Òmìnira ní èdè Àgùdà.

Ní Fairhaven, ọ̀nà tí ó gbà ná owó díẹ̀ tí ó ní ni ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní ọkọ̀ àlòkù a máa kọ́kọ́ kùn ún kí ó lè dán. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í wo igi jíjẹrà sàn. Ńṣe ni ó ń bò ó mọ́lẹ̀ títí yóò fi já lójú agbami. Slocum bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó gé igi óákù kan nítòsí fún igi ìpìlẹ̀, èyí tí ó wà fún ọkọ̀ bí eegun ẹ̀yìn ti wà fún ènìyàn. Àgbẹ̀ kan sì gba owó díẹ̀, ó bá a kó igi náà àti igi yòókù wá. Bí ìrókò ti rí láàrin igi ilẹ̀ Yorùbá ni óákù funfun rí níbẹ̀: ó wúwo, ó le, kì í sì í tètè jẹrà.

Fún àwọn igi ìhà, ó wá igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tọ́, ó fá wọn, ó tì wọ́n sínú àpótí gígùn kan, ó sì gbé ìkòkò omi kaná kí ooru omi náà lè máa wọ inú àpótí. Nígbà tí wọ́n rọ̀, ó tẹ̀ wọ́n lórí ìtì igi, ó so wọ́n mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi gan bẹ́ẹ̀. Kò tú ọkọ̀ palẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni igi tuntun ń bọ́ sí ipò ti àtijọ́, débi pé kò sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí ọjọ́ tí ọkọ̀ àtijọ́ kú tí ọ̀tun sì bí. Ọgbọ́n ńlá wà nínú èyí fún aláìlówó: igi àtijọ́ ni àwòṣe igi tuntun, ẹni tí ó bá sì fọ́ gbogbo rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan lè má mọ bí ọkọ̀ náà ti rí mọ́.

Pákó páínì tí ó nípọn ní íǹṣì kan àtààbọ̀ ni ó fi bo ara ọkọ̀. Bóòtù tí ó lò lápapọ̀ tó bí 1,000. Lẹ́yìn náà ó fi òwú dí ojú ibi tí pákó ti pàdé, ó sì fi fọ́nrán okùn tẹ̀ ẹ́ lé lórí. Ẹnìkan tí ń wòran kígbe pé òwú náà yóò yọ́ jáde. Kò yọ́. Pákó gbígbẹ a máa wú bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ìwú yìí ni yóò sì di òwú mú. Bí a bá fi òwú há a jù, ìwú náà lè ti pákó kúrò lára igi ìhà. Bí kò bá tó, omi yóò wọlé. Nígbà tí gbogbo èyí parí ni ọ̀dà tó dé: ọ̀dà tí ó ní bàbà nínú fún ìsàlẹ̀, nítorí kòkòrò inú omi iyọ̀ tí ń jẹ igi, àti ọ̀dà funfun fún òkè.

Iye tí ó ná lórí ohun èlò jẹ́ 553 dọ́là àti sẹ́ǹtì 62, iṣẹ́ náà sì gba oṣù 13. Ó pẹ́ ní Fairhaven jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé lóòrèkóòrè ni ó ń lọ gba iṣẹ́ lára àwọn ọkọ̀ apẹja àbùùbùtán ní èbúté. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ àtijọ́ a máa wá wo ọkọ̀ náà, wọ́n sì jẹ́rìí sí i pé ó lágbára.

Ní ti ìbéèrè àwọn ará ìlú, ìdáhùn àkọ́kọ́ kò dùn. Slocum fi ọkọ̀ náà pẹja fún sáà kan, ó sì rí i pé òun kò mọ bí a ti í fi ìjẹ sí ìwọ̀ dáadáa. Ìgbà náà ni ó pinnu láti yí ayé po. Ní 24 April, 1895, òun nìkan kúrò ní Boston nínú ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà 37. Ó rí ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ti pa tì, ó rẹ́ ẹ sí méjì, ó fi pákó dí ojú ibi tí ó gé, ó sì ní ohun tí yóò máa fi gúnlẹ̀. Àtúnṣe aago àwọn atukọ̀ tí ó ní yóò gba 15 dọ́là, nítorí náà ó fi í sílẹ̀. Ó ra aago páànù kan dípò rẹ̀. Dọ́là kan àtààbọ̀ ni iye rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé ojú rẹ̀ ti fọ́, wọ́n gba dọ́là kan.

Ibi tí ó lè dín owó kù ni ó ti dín in. Ní àwọn erékùṣù Keeling nínú òkun Íńdíà, igi óákù iwájú ọkọ̀ náà la òkúta iyùn, igi náà kò sì fara pa.

Ní 27 June, 1898, ó gúnlẹ̀ sí Newport lẹ́yìn ìrìn tí ó ju máìlì 46,000 lọ. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó dá nìkan wa ọkọ̀ ìgbòkun yí ayé po. Ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀ jáde ní ọdún 1900, ó sì mú owó wọlé fún un. Omi kò jò wọ inú ọkọ̀ náà. Láti ìgbà tí ó ti dé Ọsirélíà ni kò ti to ẹ̀rọ ìfami rẹ̀ mọ́. Ní oṣù July ọdún 1898 ó gbé Spray padà sí Fairhaven, ó sì so ó mọ́ òpó kédárì kan náà tí wọ́n rì mọ́ etí omi láti dì í mú ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sọ omi.