Ohùn Tó Há Díẹ̀: Bí A Ṣe Ń Yan Pẹ́dà Overdrive fún Gìtá Báàsì

Lálẹ́ ọjọ́ ìṣọ́-òru, ẹ lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìfọ̀nyìn, ìlú wa tí ìwé ìjọba Benin ń pè ní Ifangni. Ẹ óò gbọ́ dùndún, ẹ óò gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ óò sì gbọ́ àwọn akọrin. Báàsì ńkọ́? Ẹ óò mọ̀ pé nǹkan kan ń mi ilẹ̀ tìtì, àmọ́ ẹ ò ní mọ ohun tó ń wí. Ẹni tó ń ta á níwájú kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí lẹ́yìn, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ sípíkà rẹ̀ ló dúró sí.

Nítorí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn ni mo ṣe kọ ìtọ́ni yìí. Pẹ́dà overdrive tí kò le, bí a bá yàn án bó ṣe yẹ, máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ báàsì yé ẹni tó jìnnà. Bí a bá ṣì í yàn, ìsàlẹ̀ ohùn ni yóò gbé lọ. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, ti gìtá lásán ni. Nígbà tí mo dá tẹ̀ ẹ́ nínú yàrá, ó dùn mọ́ mi. Ní ọjọ́ Sunday, bí ìlù ṣe wọlé báyìí ni báàsì mi pòórá. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn tún ná irú owó bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tí ẹ ń wá

Ẹ rántí akọrin tó ti ń kọrin láti alẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́, ohùn rẹ̀ á há díẹ̀, síbẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á ṣì yéni. Overdrive tí kò le nìyẹn. Bí ohùn bá wá há débi pé a ò mọ orin mọ́, a ti kọjá ibi tí à ń lọ. Distortion tàbí fuzz nìyẹn, iṣẹ́ tiwọn sì yàtọ̀.

Inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ohùn báàsì ga láyé àtijọ́ ni irú ohùn yìí ti wá. Ampeg gbé ẹ̀rọ SVT jáde ní ọdún 1969, 300 watt ni agbára rẹ̀, gílóòbù tí wọ́n ń pè ní tube ni wọ́n sì fi ṣe inú rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí i tó bẹ́ẹ̀ tó ń làágùn, ohùn rẹ̀ á há. Iṣẹ́ pẹ́dà ni pé kó fún wa ní díẹ̀ lára èyí láìjẹ́ pé à ń ru ẹrù tó wúwo kiri.

Ẹ ṣe ìdánwò kan kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ fi sípíkà fóònù yín gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Orchestre Poly-Rythmo de Cotonou kan, lára èyí tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1970, kí ẹ sì máa tọ báàsì Gustave Bentho lẹ́yìn. Okùn E, tó nípọn jù lórí báàsì olókùn mẹ́rin, ń gbọ̀n ní ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Sípíkà fóònù kò lè gbé ìyẹn jáde rárá, síbẹ̀ etí yín ń bá báàsì náà lọ. Ìdí ni pé okùn náà tún ń mú àwọn ohùn tó ga ju tirẹ̀ dání: 82, 124, 165, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ga lára wọn ni etí ń gbọ́, ọpọlọ á sì fi wọ́n parí èyí tí kò gbọ́.

Ohun tí overdrive ń ṣe ni pé ó ń fún àwọn ohùn òkè wọ̀nyí lágbára sí i. Bí ṣaworo ṣe rí lára ìyáàlù dùndún ló rí: ìlù ló ń sọ̀rọ̀, ṣaworo kàn ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lókèèrè ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wá kókó Blend

Ọ̀pọ̀ pẹ́dà ní kókó mẹ́ta tí à ń yí. Drive ló ń sọ bí ohùn yóò ṣe há tó. Level ló ń sọ bí yóò ṣe pọ̀ tó. Tone ló ń sọ bóyá yóò mú tàbí yóò ṣókùnkùn. Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún wa ni ìkẹrin, tí wọ́n ń kọ Blend tàbí Balance sí lára. Òun ló ń da ohùn báàsì gan-an, tí nǹkan kan kò tíì ṣe, pọ̀ mọ́ èyí tó há.

Ẹ rò ó bí ẹni ń se àdàlù. Ẹ̀wà ló gbọ́dọ̀ pọ̀ nínú ìkòkò. Àgbàdo wà níbẹ̀ kó lè dùn. Bí àgbàdo bá bo ẹ̀wà mọ́lẹ̀, oúnjẹ mìíràn lẹ ti sè yẹn.

Ìdí tí pẹ́dà gìtá fi ń ba báàsì jẹ́ kò le láti mọ̀. Ẹ wo Ibanez Tube Screamer, tí àwọn onígìtá fẹ́ràn káàkiri ayé. Nínú rẹ̀, ohùn tó bá wà nísàlẹ̀ nǹkan bíi 720 Hz kì í fi bẹ́ẹ̀ rí agbára gbà nígbà tí ohùn bá ń há. Ìyẹn dára fún gìtá, nítorí kò ní kọlu báàsì. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni ilé báàsì wà.

Àwọn tí wọ́n ṣe fún báàsì pọ̀. Boss ODB-3 ti wà láti ọdún 1994, ó sì ní Balance. Ó lè há gan-an, nítorí náà Gain, orúkọ tí Drive ń jẹ́ lára rẹ̀, gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀. Bass Soul Food ti Electro-Harmonix ní Blend, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Microtubes B3K ti Darkglass, ilé iṣẹ́ tó wà ní Helsinki ní Finland, ní Blend pẹ̀lú, àmọ́ ohùn rẹ̀ mú ju ti àwọn yòókù lọ. SansAmp Bass Driver DI ti Tech 21 jáde ní ọdún 1992, Blend wà lára rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ìwọ̀nyí lè wo BDI21 ti Behringer, tó ń tọ ipasẹ̀ SansAmp náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wo báàsì yín àti ibi tí ẹ ń so ó mọ́

Ṣé bátìrì wà nínú báàsì yín? Bí ó bá wà, ohùn tó ń jáde lára rẹ̀ lágbára, ó sì lè mú kí pẹ́dà há kí ẹ tó fọwọ́ kan Drive. Ẹ wá pẹ́dà tó ní ibi títẹ̀ tí wọ́n kọ Pad sí, bíi Bass Soul Food. Bí kò bá sí bátìrì nínú rẹ̀, ẹ má dààmú.

Ṣé ẹ ní àpótí báàsì (amp), àbí tààrà ni wáyà yín ń lọ sínú míkísà? Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ olórin lágbègbè wa kò ní àpótí báàsì. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yan èyí tó ní ihò XLR, ihò oníhò mẹ́ta tí wáyà gbohùngbohùn ń wọ̀. SansAmp àti BDI21 ní in. Ẹ ó lè gba ibẹ̀ wọ míkísà láìsí ẹ̀rọ mìíràn láàárín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ má fi ọ̀rọ̀ iná ṣeré

Ọ̀pọ̀ pẹ́dà ń lo 9 V, tí ẹnu ádápítà rẹ̀ ní ìyọkúrò (−) láàárín, ìròpọ̀ (+) níta. Àwòrán kékeré kan wà lára pẹ́dà tó ń fi èyí hàn. Kí ti ádápítà bá a mu. Ádápítà 12 V kì í ṣe ohun tí à ń dán wò.

Ẹ tún ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ádápítà náà. Iná ilé wa ní Benin jẹ́ 220 V. Bí ó bá jẹ́ “120 V” nìkan ló wà níbẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, yóò sì jóná. Èyí tí wọ́n kọ “100–240 V” sí ló lè ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Bí ẹ bá rà á ní Nàìjíríà, ẹsẹ̀ mẹ́ta onígun ló máa ní, ihò ara ògiri tiwa sì jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ méjì roboto. Ẹ ra ohun tí yóò so wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Nítorí iná tó lè lọ nígbàkígbà, pẹ́dà tó ń gba bátìrì 9 V dára fún wa. Kí gbogbo ẹ̀yin tó ní irú rẹ̀ rántí: wáyà tó wọ ihò Input ló ń tan bátìrì. Bí ẹ kò bá yọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn, bátìrì á máa tán lọ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ gbé báàsì yín lọ sọ́jà

Láti Ìfọ̀nyìn, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè gba Àjàṣẹ́ lọ sí Kútọnu, tàbí kí ẹ gba Ìgólò kọjá sí Ìdíìrókò, kí ẹ ti ibẹ̀ gba Ọ̀tà lọ sí ọjà Àlàbá ní Èkó. Ẹ ṣírò owó pẹ́dà, ti ádápítà àti owó ọkọ̀ ní sẹ́fà kí ẹ tó gbéra. Ibi yòówù kí ẹ lọ, ẹ mú báàsì tiyín dání, pẹ̀lú wáyà méjì àti bátìrì tuntun kan.

Olùtajà lè so ó mọ́ àpótí gìtá kékeré kan fún yín. Ẹ má gbà á. Àpótí yẹn kò lè gbé ìsàlẹ̀ jáde, ẹ ò sì ní mọ ohun tí ẹ ń pàdánù. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi so ó mọ́ sípíkà ńlá yẹn.” Sípíkà ínǹṣì 12 tàbí 15 tó.

Bí pẹ́dà náà bá jẹ́ àlòkù, ẹ ṣí ibi bátìrì kí ẹ wò bóyá ìpata ti bò ó. Ẹ mi wáyà díẹ̀ nínú ihò méjèèjì. Ohùn kò gbọdọ̀ máa já. Ẹ yí kókó kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì tẹ pẹ́dà náà ní ìgbà mẹ́wàá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ dán an wò báyìí

1. Ẹ yí Drive sí òdo, kí Blend àti Tone wà láàárín.

2. Ẹ ta okùn E láìtẹ pẹ́dà. Ẹ tẹ pẹ́dà, kí ẹ tún ta á. Ẹ yí Level títí méjèèjì yóò fi dọ́gba. Ẹ má fo èyí o. Etí máa ń ka ohùn tó pọ̀ jù sí èyí tó dára jù, ohun tó sì ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ nínú ṣọ́ọ̀bù nìyẹn.

3. Ẹ máa gbé Drive sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi orí ìka ta á jẹ́jẹ́, kí ẹ tún ta á kíkankíkan. Níbi tí ìka jẹ́jẹ́ ti ń mú ohùn mímọ́ jáde, tí ìka líle sì ń mú èyí tó há wá, ẹ dúró síbẹ̀. Pẹ́dà tí kò ní irú ibẹ̀ yẹn kì í ṣe tiyín.

4. Ẹ ta okùn E lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ kó kú fúnra rẹ̀. Kó máa rọlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ó bá ń já wìtìwìtì bí rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ, ẹ dá a padà.

5. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ láti fret kejìlá wá sí okùn òfìfo. Bí ohùn bá ń fúyẹ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ dín Blend kù. Bí kò bá yí padà, pẹ́dà gìtá ni.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe ìdájọ́

Nílé, ẹ tò wọ́n báyìí: báàsì, tùnà, compressor bí ẹ bá ní in, lẹ́yìn náà overdrive. Ní ọjọ́ ìdánrawò, ẹ ní kí ìlù àti dùùrù máa lọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Sunday. Ẹ wá bẹ ọmọ ẹgbẹ́ akọrin kan kó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ta báàsì láìtẹ pẹ́dà, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì sọ fún un èwo ni èwo. Kó na ọwọ́ nígbà tó bá lè fi ẹnu kọ ohun tí báàsì ń ta.

Ohun tó dùn létí nígbà tí ẹ dá wà lè má dùn láàárín ẹgbẹ́. Ohùn tó dà bíi pé ó há jù lọ́wọ́ yín níwájú, ìlù àti ohùn ènìyàn lè bo híhá yẹn kó tó dé ẹ̀yìn, kó wá ku ọ̀rọ̀ orin nìkan. Nítorí náà, ọwọ́ tó nà lẹ́nu ọ̀nà ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ó bá ti nà án, ẹ fi gègé sàmì sí ibi tí kókó kọ̀ọ̀kan wà, kí ẹ má sì yí i mọ́ títí ìsìn yóò fi parí.