Ipò Ọrọ̀-Ajé Ìdílé àti Ara Ọmọ Iléèwé

Kókó ọ̀rọ̀
• Ní Nàìjíríà, ìsanrajù wọ́pọ̀ jù láàárín ọmọ àwọn olówó ní ìlú ńlá. Rírù àti àìga tó ọjọ́ orí wọ́pọ̀ jù láàárín ọmọ àwọn aláìní.
• Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀, ọmọ àwọn aláìní ni ìsanrajù ń bá jù.

Kí ló fà á?
Ọmọ tí ọkọ̀ ń gbé lọ síléèwé, tó ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tó sì ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, tètè ń kó ọ̀rá jọ. Ọmọ tó ń jẹ ẹ̀kọ tàbí gàrí láìsí ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin lè má ní iṣan tó.

Àyẹ̀wò
Ẹ wọn ọmọ ní kìlógíráàmù, kí ẹ sì fi gíga rẹ̀ ní mítà pín in lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi èsì wé àtẹ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2007 fún ọmọ ọdún 5 sí 19. Èsì yìí kò ya ọ̀rá sọ́tọ̀ lára iṣan.

Ìmọ̀ràn
Sísanra kì í ṣe ẹ̀rí ìtọ́jú rere. Rírù kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Kí ọmọ máa mu omi, kí ó sì máa ṣeré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 60 lójoojúmọ́.