Démọ́lá, Ta Ló Sọ Fún Ọ Pé Ó Ti Jí?

Adémọ́lá, gbé fóònù yẹn sílẹ̀, kó o jókòó. Ṣé torí kọ̀ǹpútà tó ń dúró gbagidi bó bá ti ń tàn lo ṣe sùn sí Kilburn Building, tójú rẹ wá pọ́n báyìí? Mo ti ka kóòdù rẹ, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Irọ́ ló ń pa.

Bí iná bá dé, core kan ṣoṣo ló ń kọ́kọ́ jí. Òun ló ń gbé kernel dìde, òun náà ló ń jí àwọn yòókù. Ìwọ wá ṣe kí ni? Bó o ṣe ránṣẹ́ sí core kejì báyìí, o ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́! Scheduler, tó ń pín iṣẹ́, gbà ọ́ gbọ́, ó gbé iṣẹ́ lé e lórí, nígbà tí core náà kò tíì palẹ̀ mọ́ láti gba interrupt kankan. Bí mo bá pe èèyàn sí ìnáwó ní Cheetham Hill, ṣé ọjọ́ tí mo fìwé ránṣẹ́ ni mò ń bu ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀? Má rẹ́rìn-ín, mò ń bá ọ wí ni.

Má sì sọ fún mi pé ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà míì. Core kejì tètè jí lọ́jọ́ náà ni, ìyẹn ló jẹ́ kí àṣìṣe náà ṣòro rí.

Nínú Linux, àkọsílẹ̀ present, ti àwọn core tó wà nínú ẹ̀rọ, yàtọ̀ sí ti online, ti àwọn tó ti ṣe tán láti ṣiṣẹ́. Core tó jí ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ara rẹ̀ sí online, lẹ́yìn ìpalẹ̀mọ́. Èyí tó jí i á dúró dè é.

Ohun tó dùn mí ni pé Manchester yìí náà ni wọ́n ti ń tọ́jú ipò ẹ̀rọ dáadáa. Kọ̀ǹpútà Atlas tí wọ́n ṣí ní 1962 ní òǹkà ìtọ́ni (program counter) mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ti iṣẹ́ àwọn èèyàn, ti extracode, ti interrupt. Nítorí náà, ipò tí ẹ̀rọ wà kì í rú Supervisor, ètò tó ń darí rẹ̀, lójú. Kọ̀ǹpútà SpiNNaker ti Steve Furber ńkọ́, tí core rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan ní 2018? Core 18 ló wà nínú chip kọ̀ọ̀kan. Tó bá ń tàn, kálukú á yẹ ara rẹ̀ wò ná, kí wọ́n tó díje ta ni yóò ṣe olórí.

Gbé ìlà tó ń kọ core kejì sí online kúrò lọ́wọ́ core àkọ́kọ́. Fi í sí ìparí ìpalẹ̀mọ́ core kejì, kí àkọ́kọ́ dúró dè é. Ṣùgbọ́n jẹun ná, jọ̀ọ́.