Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Aṣọ Rírà Pẹ̀lú Owó Kékeré

Bùtíìkì ni à ń pe ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀. Bí o bá ń gbé ní Òmù-Àrán, ní Èsìẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ó ṣeé ṣe kí o ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀kan rí, kí o máa wo ẹ̀wù tí wọ́n gbé kọ́ sára ère oníke. Kò sí ẹni tí kò fẹ́ràn aṣọ tí ó dára. Àwọn ère òkúta Èsìẹ́ pàápàá, tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan, wọ ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, wọ́n sì di irun lóríṣiríṣi. Bí o bá lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí síbẹ̀ ní ọdún 1945, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ìwọ yóò fi ojú ara rẹ rí i. Fífẹ́ ọ̀ṣọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó ṣòro níbẹ̀ ni pé owó aṣọ rẹ àti owó ìwé rẹ, inú àpò kan náà ni wọ́n ti ń jáde.

Kí ni ó dé tí ẹ̀wù bùtíìkì fi ń wọ́n? Àwọn oníbùtíìkì a máa rìn dé ọjà Balógun ní Èkó láti ra ọjà. Wọn yóò san owó ọkọ̀ àti owó ẹrù láti Èkó dé Ìlọrin, kí wọ́n tó gba Àjàṣẹ́-Ìpo dé Òmù-Àrán. Wọn yóò tún san owó ilé, owó iná, owó epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ọmọ tí ó ń bá wọn tajà. Orí ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pín gbogbo rẹ̀ lé. Nítorí náà, ẹni tí ó pe ẹ̀wù ní ₦18,000 kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n fáànù àti dígí ńlá inú ṣọ́ọ̀bù kò ní bá ọ délé. Ẹ̀wù ni kí o wò.

Kí ẹ tó jáde nílé, ṣí àpótí aṣọ rẹ. Ka èyí tí ó ṣì bá ọ mu, kí o sì mọ èyí tí o kò ní. Lẹ́yìn náà, kí ìwọ àti òbí rẹ fi ẹnu kò sí iye tí ẹ fẹ́ ná. Ẹ má ṣe sọ iye náà fún òǹtajà.

Wàyí o, jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ẹ̀wù kan jẹ́ ₦9,000. Ó ń dán, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí o wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó ti ṣá, ó sì ti tú. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí o wọ̀ ọ́ ná òbí rẹ ní ₦1,800. Ká ní òmíràn jẹ́ ₦15,000, tí o sì wọ̀ ọ́ ní ìgbà 50, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan. ₦300 péré ni ìgbà kọ̀ọ̀kan. Èwo ni ó wọ́n nínú méjèèjì? Àwọn ìyá wa àtijọ́ mọ ìṣirò yìí láìlọ sí ilé-ìwé. Kíjìpá tí wọ́n ń hun nílé kì í dán, ó nípọn bí ẹní, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ lára àgbẹ̀.

Báwo ni o ṣe lè mọ aṣọ tí yóò pẹ́? Yí inú rẹ̀ síta. Wo ojú rírán: ṣé ó sún mọ́ra, àbí ó jìnnà síra? Rọra fa apá rẹ̀. Bí o bá ń rí ìmọ́lẹ̀ láàárín ojú rírán, dá a padà. Fa síìpù lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ka bọ́tìnnì. Bí òǹtajà bá gbà, fi omi díẹ̀ tọ́ áńkáṣíìfù funfun, kí o fi ra inú ẹ̀wù náà níbi tí kò hàn. Bí àró bá yọ́ sára áńkáṣíìfù, yóò yọ́ sára gbogbo aṣọ tí ẹ bá fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́. Wo ìṣẹ́po ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tí ó ń dàgbà ni ọ́. Bí ìṣẹ́po náà bá fẹ̀, télọ̀ lè tú u kí ẹ̀wù náà gùn sí i lọ́dún tí ń bọ̀. Ka ìwé kékeré tí wọ́n rán mọ́ ọrùn rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ "cotton" síbẹ̀, òwú ni. Òwú máa ń gba afẹ́fẹ́ sára nígbà ooru.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọn kì í gbà kí a ná ọjà. Iye tí wọ́n kọ mọ́ ọn lára ni wọ́n ń tà á. Níbi tí a ti ń ná an, fi í sílẹ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n fetí sílẹ̀:

Ìyá: Ẹ kú ọjà o. Ajé á wọgbá.
Òǹtajà: Àṣẹ o. Ẹ káàbọ̀, mà.
Ìyá: Èló ni ẹ̀wù aláwọ̀ ewé yìí?
Òǹtajà: ₦18,000 ni, mà.
Ìyá: Háà! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ₦12,000.
Òǹtajà: Owó tí mo fi rà á ju bẹ́ẹ̀ lọ, mà. Ẹ mú ₦16,500 wá.
Ìyá: Ẹ wo bọ́tìnnì yìí, ó ti fẹ́ já. ₦15,000 ni n ó san jálẹ̀.
Òǹtajà: Ó dára, mà. Màá bá yín rán bọ́tìnnì náà kó le.

Ṣé o rí i pé ìyá náà kò bú ọjà ọlọ́jà? Àbùkù tí ó wà níbẹ̀ lóòótọ́ ni ó tọ́ka sí. Ọmọ rẹ̀ náà gbọ́n. Bí ó bá ti ń pariwo pé, "Èyí ni mo fẹ́ o! Èyí ni mo fẹ́!", ta ni yóò tún dín owó?

Bí ó bá jẹ́ pé ₦9,000 nìkan ni ó wà lọ́wọ́ ńkọ́? Ọ̀nà ṣì wà. Yáàdì mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń di ańkárá. Ọmọ ìyá méjì lè pín in, kí télọ̀ rán an fún wọn. Ẹ tètè lọ bá télọ̀, nítorí iṣẹ́ máa ń kún ọwọ́ wọn bí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá ti sún mọ́lé.

Ọ̀nà kejì ni òkìrìkà. Òkìrìkà jẹ́ ìlú kan létí omi ní Ìpínlẹ̀ Rivers, nítòsí Port Harcourt. Wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń já aṣọ tí àwọn òyìnbó ti lò láti inú ọkọ̀ ojú omi láyé àtijọ́, ni orúkọ ìlú bá di orúkọ aṣọ. Gwanjo ni àwọn Hausa ń pè é. Àwọn ará Èkó ń pè é ní bọ́síkọ́nà. Òfin Nàìjíríà kò gbà kí a kó o wọlé, nítorí ìjọba fẹ́ dáàbò bo àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ wa. Ọjà fàyàwọ́ àti ìṣòro iná wà lára ohun tí ó da àwọn ilé iṣẹ́ náà láàmú. Ọ̀kan tí ó tóbi gan-an ní Kàdúná, United Nigerian Textiles, ti ilẹ̀kùn ní ọdún 2007. Síbẹ̀ òkìrìkà ń gba Kútọnu wọlé, a sì ń rí i lórí ẹní nínú ọjà. Láti ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀ gan-an sí dọ́là, òun náà ti gbówó lórí. Bí ẹ bá rà á, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ, ẹ sá a sí oòrùn gangan, ẹ sì lọ̀ ọ́ kí o tó wọ̀ ọ́. Pátá àti síńgílẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ohun tí à ń rà níbẹ̀ rárá.

Dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:
1. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí ó ń mú kí ẹ̀wù bùtíìkì wọ́n.
2. Kí ni à ń fi áńkáṣíìfù funfun tí ó tutù wò?
3. Báwo ni aṣọ ṣe di ẹni tí ń jẹ́ òkìrìkà?
4. Sòkòtò kan jẹ́ ₦12,000, a sì wọ̀ ọ́ ní ìgbà 40. Èló ni ìgbà kọ̀ọ̀kan?
5. Béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà rẹ irú aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí oko nígbà èwe wọn, kí o sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀.