Àwọn Wo Ni "A"?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá, arọ́pò-orúkọ kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Kì í ṣe nítorí ìdánwò. Ó ti dá wàhálà sí mi lọ́rùn rí.

Ní ọdún tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, èmi náà ni aṣojú họ́ọ̀lù wa nínú ìgbìmọ̀ ìjọba akẹ́kọ̀ọ́. Fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, omi ẹ̀rọ kò yọ ní họ́ọ̀lù wa. Nígbà tí ìgbìmọ̀ pàdé, mo dìde, mo ní: "A kò ní í wọ kíláàsì mọ́ títí omi yóò fi yọ." Àwọn ará họ́ọ̀lù wa ni mo ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ẹgbẹ́ Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mí sí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ti kọ kíláàsì sílẹ̀. Olórí ẹ̀ka ránṣẹ́ pe alága wa, ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nígbà tí alága jáde, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí: "Akọ̀wé, ta ni ó rán ọ?" N kò rí èsì kankan fún un.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ "a" yìí wò. Nínú "A ti jẹun," èmi àti àwọn mìíràn ni ó dúró fún. Nínú "A bí i ní Ìbàdàn," kò tọ́ka sí ẹnì kan pàtó. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lè má sí níbẹ̀ rárá. Nítorí náà, bí a kò bá la "a" wa yé olùgbọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò yan àwọn tí ó wà nínú rẹ̀.

Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìdajì orí ni àwọn ìlàrí Aláàfin máa ń fá. Bí ìlàrí bá wọ ìlú, orí rẹ̀ ti sọ ẹni tí ó rán an kí ó tó la ẹnu. Àwa kò fá orí. Ẹnu wa ni a ó fi sọ ọ́. Ẹnì kan lè ní, "Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi jẹ́ tọmọ." Òótọ́ ni. Òwe náà gba ìránṣẹ́ láyè láti fi ọgbọ́n tún ọ̀rọ̀ ṣe. Kò gbà á láyè láti jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an.

Gbogbo ẹni tí ó wà nínú "a" ni í pín nínú ohun tí ó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ní 1978, nígbà tí NUNS, ẹgbẹ́ àpapọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, ta ko àfikún owó oúnjẹ àti ilé, ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ náà pátápátá. Ẹgbẹ́ yẹn mọ̀ pé òun ni òun ń sọ̀rọ̀. Ẹ wá ro ti ẹgbẹ́ tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ti sọ̀rọ̀ lórúkọ òun.

Ohun mẹ́ta ni mo rí kọ́. Èkíní, kí a kọ́kọ́ dárúkọ ipò tí a ti ń sọ̀rọ̀: "Gẹ́gẹ́ bí aṣojú họ́ọ̀lù wa..." Èkejì, bí ó bá jẹ́ èrò ara ẹni, "mo" ni kí a lò. Ẹ̀kẹta, kí akọ̀wé ìpàdé kọ ipò mọ́ orúkọ, kí a sì tún àṣìṣe ṣe kí ìpàdé tó túká.

Ní ìpàdé kejì, mo dìde, mo ṣàlàyé, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ya ìwé ara ògiri náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti kà á kò padà wá wo ògiri mọ́.