Ta Ni Wọn Yóò Kọ́kọ́ Tọ́jú? Ẹ̀kọ́ Lórí Ìjàǹbá Ńlá

Ẹ̀kọ́ wa fún ìgbà yìí kò dùn láti sọ, ṣùgbọ́n ó sàn kí a mọ̀ ọ́n ṣáájú. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, tí àwọn tó fara pa pọ̀ ju àwọn olùtọ́jú lọ, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ dá lóhùn? Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ẹni tó ké jù ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o.

Ó ti ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa rí

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ District line ní Dagenham East, nítòsí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin kan ti kọ lu ìdí òmíràn ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kínní ọdún 1958. Láti Fenchurch Street ni àwọn méjèèjì ti ń bọ̀. Kùrukùru bo ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ ẹ̀yìn sì kọjá àmì tó ní kí ó dúró. Ènìyàn 10 ló kú, àwọn tó fara pa sì lé ní 80. Ẹ rò ó wò: òkùnkùn, ariwo, àti gbogbo àwọn wọ̀nyí tí wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní irú ibẹ̀, àwọn tó bá kọ́kọ́ dé kò lè kárí.

Kí ni triage?

Triage ni orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pe yíyan ẹni tí a ó kọ́kọ́ tọ́jú. Ojú ogun ló ti bẹ̀rẹ̀. Larrey, dókítà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Napoleon, ló ní kí wọ́n wo bí ọgbẹ́ ṣe le tó, kí wọ́n má wo ipò ẹni tó ni ọgbẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wa jókòó lórí ọ̀rọ̀ gbèsè ti mọ ìlànà yìí. Bí owó ọwọ́ kò bá tó, a kì í kọ́kọ́ san ti àwọn oníkáàdì tó ń fóònù lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́. Owó ilé àti council tax là ń kọ́kọ́ san, bí wọn ò tilẹ̀ pariwo, nítorí pé ohun tó ń tẹ̀yìn wọn yọ le jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọgbẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Láti ọdún 2023 ni NHS England ti gbé ìlànà kan jáde fún áńbúláǹsì, ọlọ́pàá àti panápaná, tí wọ́n ń pè ní Ten Second Triage. Bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 ni wọ́n ń lò lórí ẹnì kan:

1. Ṣé ó lè rìn? Bí ó bá lè rìn, P3 ni, àwọ̀ ewé.
2. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀? P1 ni, pupa. Wọn yóò dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró lójú ẹsẹ̀.
3. Ṣé ó ń sọ̀rọ̀? Bí ó bá ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí nǹkan gún un wọ àyà, ẹ̀yìn tàbí ikùn, P1 ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, P2 ni, yẹ́lò.
4. Bí kò bá sọ̀rọ̀, ṣé ó ń mí? Bí ó bá ń mí, P1 ni. Wọn yóò fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Bí kò bá mí, àwọ̀ fàdákà ni.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ọkùnrin kan ń ké, "Mo gbé o! Ẹsẹ̀ mi ti kán!" Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lára rẹ̀. Obìnrin kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń mí, ṣùgbọ́n kò dáhùn. Ta ni pupa? Obìnrin náà ni. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹni tó ń ké, èémí ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ ni kí ẹ̀rù rẹ̀ bà wá.

Àwọ̀ fàdákà ló nira jù fún ẹbí láti gbà. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá dákú nílé tí kò mí mọ́, a ó máa tẹ̀ ẹ́ láyà títí áńbúláǹsì yóò fi dé, ohun tó yẹ sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí 40 bá wà nílẹ̀, tí òṣìṣẹ́ jẹ́ méjì, àwọn mẹ́ta tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn lè kú nígbà tí ọwọ́ wà lórí ẹnì kan náà. Wọn yóò kọjá ná. Fàdákà kì í ṣe ìwé ikú. Oníṣègùn yóò padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Káàdì yòókù náà lè yí padà. Bí ara ẹni tó gba àwọ̀ ewé bá yí padà, ẹ tètè pè wọ́n.

Nítorí náà, bí wọ́n bá kọjá lára ọmọ yín, ẹ má fà wọ́n láṣọ. Ìlànà náà kò béèrè àwọ̀ ara, orúkọ, tàbí ìwé ìgbélùú.

Ohun tí àwa lè ṣe

- Ẹ wo iwájú kí ẹ tó sáré. Nígbà tí bọ́ǹbù bú ní àgọ́ ológun Ìkẹjà ní ọjọ́ 27 oṣù Kínní ọdún 2002, ọ̀pọ̀ tí bọ́ǹbù kò pa ló kú sínú kánààlì Òkè-Àfà níbi tí wọ́n ti ń sá.
- Ẹ pe 999. Ẹ sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀, àti iye tí ẹ rò pé ó fara pa.
- Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ gírígírí. Gèlè tàbí ìborùn náà ṣe é lò. Ẹ má máa ṣí i wò. Bí nǹkan bá gún un, ẹ má yọ ọ́.
- Bí ẹ bá lè rìn, ẹ lọ síbi tí wọ́n bá ní kí ẹ lọ, kí ọ̀nà lè ṣí fún áńbúláǹsì.

Bí ẹ bá ń wá ènìyàn yín

Ẹ má rò pé Queen's ní Romford ni gbogbo wọn wà. Ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ le gan-an lè wà ní Royal London ní Whitechapel. Ọlọ́pàá máa ń kéde nọ́ńbà Casualty Bureau. Orúkọ inú páásípọ̀ ni kí ẹ fún wọn. "Mummy Tolú" tí gbogbo àdúgbò mọ̀ kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọgbẹ́ sá pamọ́ nítorí ìwé ìgbélùú. Ìtọ́jú tí wọ́n bá ṣe nínú A&E, kí wọ́n tó dá ènìyàn dúró sí wọ́ọ̀dù, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ènìyàn.

Lónìí, ẹ kọ orúkọ yín ní kíkún, ọjọ́ ìbí, oògùn tí ẹ ń lò àti nọ́ńbà ẹbí kan sórí ìwé kékeré, kí ẹ fi sínú pọ́ọ̀sì. Ẹ ṣe ti àwọn ọmọ náà.

A kò ní rí ìjàǹbá o. Ṣùgbọ́n àdúrà kò ní ká má kọ́ àwọn ọmọ wa bí a ti ń tẹ ojú ọgbẹ́.